Fóònù Ọkọ Mi Nínú Ilé Opó

Fèrèsé yàrá wa, ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó o. Ajórin ni. Nígbà tó ń jó àwọn irin náà mọ́ra, mo ní kó fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, ó ní olè ni òun ń rò, òun kò ro atẹ́gùn. Ó ń fi ọ̀pá kún ọ̀pá títí tó fi jẹ́ pé apá èèyàn nìkan ló lè gba àárín wọn kọjá. Olè kankan kò wá. Òun ló kú, èmi ni fèrèsé náà sì há mọ́. Mo bínú sí i gan-an. Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn máa bínú sí òkú, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ṣe opó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí má ṣe dá mi lẹ́jọ́.

Mùsùlùmí ni wá, ilé wa sì wà ní ìpẹ̀kun Adja-Ouèrè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Massè. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú kì í jáde títí oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ yóò fi pé. Kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣọ́ mi. Òun náà ti ṣe opó rí, wọ́n sì yìn ín pé ó ṣe é dáadáa, ìyẹn ni kò ṣe fẹ́ kí tèmi ní àbùkù. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Níbẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà, níbẹ̀ ló ti ń kírun, níbẹ̀ náà ló ti ń sùn lọ́sàn-án. Bí mo bá wúkọ́, á bi mí pé kí ló dé.

“Ìyàwó, o ò ní jókòó? Kí lò ń wá lẹ́nu fèrèsé?”

“Atẹ́gùn ni, Ìyá.”

Irọ́ ni mo pa. Kónẹ́síọ̀n fóònù ni mo ń wá.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan kí ọkọ mi tó kú, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú fóònù la ti ń kọ́ ọ, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ṣètò rẹ̀ fún àwọn obìnrin tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọn kò rí iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́ ọ parí yóò gba ìwé ẹ̀rí, wọn yóò sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i nílé. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe ni, ẹ̀rín pa á. Ó ní, “Ìwọ tí o kì í gbélé!” Síbẹ̀, fóònù ńlá rẹ̀, tí Ìyá ń pè ní pọtábù, ló ń fún mi ní ìrọ̀lẹ́ láti fi kọ́ ọ, torí pé onítọ́ọ̀ṣì kékeré ni tèmi, kò mọ̀ ju ìpè lọ.

Ọjọ́ tó kú, abẹ́ ìrọ̀rí wa ni fóònù náà wà. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé wa pé tí a bá ṣe fídáù ogójì ọjọ́, wọn yóò kó ẹrù olóògbé jáde, wọn yóò sì pín in: aṣọ, bàtà, alùpùpù, ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn. Tí wọ́n bá pín fóònù fún ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn. Mi ò lè jáde lọ yá ti ẹnikẹ́ni, àwọn olùkọ́ sì máa ń yọ ẹni tó bá dákẹ́ pẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Nítorí náà, àárín ìsìnkú àti fídáù ni gbogbo àkókò tí mo ní. Mo ń sunkún, mo sì ń kánjú.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé gbogbo ohun tí a bá kọ, àmì kan ni yóò ṣí i, àmì kan ni yóò sì tì í. Bí o bá ṣí àkọlé tí o kò tì í, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò di àkọlé, yóò sì sanra gbẹ̀ǹdù lójú-ewé. Tèmi sanra bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Èmi tí wọ́n tì mọ́lé, ẹ̀kọ́ títì ni wọ́n tún ń kọ́ mi! Mo pòṣé, mo sì bú u.

Ìyá gbóhùn mi láti orí ẹní rẹ̀. “Ta lò ń bá wí níbẹ̀ yẹn?”

“Pọtábù ni, Ìyá.”

“Kí ló ṣe?”

“Kò gbọ́ràn ni.”

Ó ní, “Haa. Ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí. Irin lẹ̀ ń bá wí.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ wa pé àpótí ni gbogbo nǹkan lójú-ewé: àwòrán nínú àpótí, ọ̀rọ̀ nínú àpótí, àpótí kéékèèké nínú ńlá. Orí ìdúró ni mo ti ń gba ẹ̀kọ́ náà wọlé, pẹ̀lú ọmọ wa lẹ́yìn mi, mo na apá mi gba àárín ọ̀pá irin síta kí fóònù lè rí kónẹ́síọ̀n. Bí ẹ̀kọ́ kan bá ti wọlé, màá fa apá mi padà, màá jókòó sórí ẹní kọ́ ọ. Mo ń gbóòórùn gààrí tí wọ́n ń yan ní ilé kejì. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn lọ lójú ọ̀nà. Ìlara wọn bò mí dé ibi pé mo gbàdúrà kí òjò pa wọ́n. Òjò ò rọ̀.

A dé ibi iṣẹ́ ìparí. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́bìnrin kan tí mi ò rí i rí àfi nínú fídíò, tí ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lẹ́rìn-ín, ní kí kálukú dìde, kó jáde sí àdúgbò rẹ̀, kó wá oníṣẹ́ ọwọ́ kan, kó ya àwòrán iṣẹ́ onítọ̀hún, kó sì ṣe ojú-ewé fún un. “Ẹ jáde!” ló ń sọ, ó ń ju ọwọ́. Mo wò ó títí. Mo dá fídíò náà dúró lórí ẹ̀rín rẹ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò ní kọ síbí.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tí mo lè rí iṣẹ́ rẹ̀ láì jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Kò sí iṣẹ́ tí ọkọ mi parí tí kì í ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù náà: géètì, ilẹ̀kùn, fèrèsé, ilẹ̀kùn abà àgbàdo, irin ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí kan lọ́nà Ikpinlè. Etí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń hàn ní igun àwòrán, kò gbọ́n nídìí àwòrán yíyà. Mo kó wọn jọ. Mo kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè ojú-ewé, mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan pé òun ló ṣe é, mo kọ nọ́ńbà sísàlẹ̀. Olùkọ́ ti kìlọ̀ pé ká má ṣe fi nọ́ńbà irọ́ síbẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà fóònù ọkọ mi tó wà lọ́wọ́ mi ni mo kọ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti kọ ọ́ pé ó ti kú. Ta ló ń kọ irú rẹ̀ sójú-ewé ajórin? Ká sòótọ́, inú mi dùn láwọn ọjọ́ yẹn. Bí mo bá ṣí ojú-ewé náà, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó kàn ni pé ká fi ojú-ewé wa ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù wa, ká bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe rí i sí. Kíá, mo fi ránṣẹ́. Mi ò ronú kàn án pé àwọn oníbàárà ọkọ mi ni gbogbo wọn, pé nọ́ńbà òkú ni yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú àwòrán òkú tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ní, “Àlùhámúdùlílàhì! Wọ́n ní o kú!” Òmíràn kọ ọ́ pé, “Ta nìyí?” Ẹnì kan kò kọ nǹkan kan, ó kàn pa nọ́ńbà wa rẹ́. Ìpè tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àjèjì ọkùnrin sì ni gbogbo wọn, mi ò lè gbé e nínú opó. Mo pa ohùn fóònù náà, mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ fídáù, Ìyá na ọwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà. “Gbé pọtábù yẹn wá. Wọ́n ní kí gbogbo ẹrù rẹ̀ pé.” Mo ṣí ohùn rẹ̀ padà kí wọ́n má baà fura, mo pa fóònù náà pátápátá, mo sì fà á lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, àwọn àlejò lọ, àwọn àgbà ilé nìkan ló kù lágbàlá, àti ààfáà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ló ń pín nǹkan. Ó kó aṣọ fún àwọn tó tọ́ sí. Ó fún èmi àti ọmọ ní ibùsùn, ewúrẹ́ àti àwọn ohun èlò inú ilé. Ó kó ẹ̀rọ ìjórin àti gbogbo irin iṣẹ́ fún àbúrò ọkọ mi, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí yóò sì máa bá ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Ó wá kan fóònù.

“Pọtábù yìí ńkọ́?”

Kí ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀, Ìyá dá a lóhùn. “Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ìyàwó. Àwòrán ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òun ló ń wò.”

Obìnrin tí mo rò pé ó ń ṣọ́ mi fún ẹ̀ṣẹ̀! Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ní kò burú. Ó ní, “Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Tàn án ká wò ó.” Àbúrò ọkọ mi tan fóònù náà. Ó kọ orin tí fóònù fi ń jí, ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ó gbé e. Fóònù ọkọ mi kò ní ohùn kékeré, gbogbo agbo ló gbọ́ ọkùnrin náà. Ó kí, ó pe ọkọ mi ní orúkọ, ó ní Ikpinlè ni òun wà. Ó ní, “Mo rí iṣẹ́ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá. Géètì aláwọ̀ ewé yẹn, irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ìgbà wo lẹ lè wá wọn ẹnu ọ̀nà mi?”

Ìyá ké. Ààfáà ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń lé èṣù. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi rántí pé èmi ni fóònù náà wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ojú sì yí sí aṣọ ẹnu ọ̀nà. Mi ò rí wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Bàbá ní kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ ọ́. Mo ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn lẹ ìwé mọ́ ògiri létí títì kí ẹni tó ń kọjá lè kà á.

“Ògiri ta ni?”

“Kì í ṣe ògiri ẹnì kan, Bàbá.”

“Ìwọ tó wà nínú opó, báwo lo ṣe débi ògiri?”

“Mi ò jáde, Bàbá. Inú yàrá níbí ni mo ti ṣe é.”

Ààfáà dá sí i. “O kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkú ń gbaṣẹ́?”

“Ẹ̀yin Ààfáà, mi ò kọ ọ́ pé òkú ni.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tètè fi ikọ́ bò ó. Mo rò pé wọn yóò bínú, mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀. Bàbá kò bínú. Ohun tó ṣe burú ju ìbínú lọ. Ó ronú lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì yìn mí. Ó ní ìyàwó tó ń wáṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù láti inú yàrá opó, kí Ọlọ́run bù sí i. Ó ní ṣùgbọ́n fóònù tí àwọn èèyàn ń pè fún iṣẹ́ kì í tún ṣe ti àwòrán wíwò. Irin iṣẹ́ ni, ibi tí ẹ̀rọ ìjórin bá lọ ni yóò bá a lọ.

Ó bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló dùn mí jù. Tí ojú-ewé mi bá burú ni, tí ẹnikẹ́ni kò bá pè, ọwọ́ mi ni fóònù ì bá wà. Torí pé mo ṣe é dáadáa ni wọ́n fi gbà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní opó. Ìyá ṣàánú mi, ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó tilẹ̀ ń sọ fún mi pé, “Lọ dúró lẹ́nu fèrèsé díẹ̀, atẹ́gùn wà níbẹ̀.” Kí ni mo fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe? Mo rí ẹfun tí ọkọ mi fi máa ń sàmì sára irin, mo ń fi kọ àwọn àmì ẹ̀kọ́ mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣí àti ìtì, kí n má baà gbàgbé. Ọmọ wa ń fi ọwọ́ nù ún kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan mo pariwo mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún, mo sì bá a sun ún. Mo ń rò pé àwọn olùkọ́ yóò ti yọ mí kúrò, ọ̀dọ́bìnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn yóò sì ti máa sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni àbúrò ọkọ mi dé. Kí a tó bí èmi sí ayé ni wọ́n ti bí i, ọkọ mi ni mo sì ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ará ilé ọkọ lọ́dọ̀ wa. Ó dúró sí ìta aṣọ ẹnu ọ̀nà.

“Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ojú-ewé yẹn ni. Wọ́n ń pè dáadáa o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń béèrè. Bí mo bá ti ní ó ti kú, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á pa fóònù. Mo gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní Pobè, wọ́n ní àfi ẹni tó ṣe é. Bá mi yọ orúkọ rẹ̀, kí o fi tèmi síbẹ̀.”

Mo ti rí ọ̀nà kan, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ nínú ohùn mi.

“Mo lè ṣe é, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, láti ìrun Àìlà títí di Alásárì, ọwọ́ mi ni fóònù náà máa wà, títí màá fi parí ẹ̀kọ́ mi.”

“O ń dúnàádúrà, ìyàwó wa?”

“Ẹ̀kọ́ náà ni mo fi mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mi ò bá parí rẹ̀, ìgbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà níbẹ̀, ta lẹ máa bá?”

Ó rò ó. Ó ní ó dáa. Ó ti fóònù náà gba abẹ́ aṣọ wọlé sí mi, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níta láti dúró dè mí.

Wọn kò tíì yọ mí nínú ẹgbẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nìyẹn, ara sì tù mí. Mo wá ṣí ojú-ewé náà. Orúkọ òkè ni mo kọ́kọ́ yọ. Iṣẹ́ kékeré ni, èèyàn á pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, á kọ òmíràn. Mo yọ èyí tó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá nọ́ńbà. Ó ku àwọn àwòrán.

Mo pè é. “Ọkọ mi, àwọn ilẹ̀kùn ńkọ́? Mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ wọn. Òun ló ṣe wọ́n.”

Ó rọra sọ ọ́, kò sọ ọ́ bí òǹrorò. “Ẹ̀rọ kan náà ni. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni. Tí o bá fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á tún máa béèrè rẹ̀. Fi tèmi sí gbogbo rẹ̀.”

Mo rò ó pé kí n kọ̀. Mo rò ó dáadáa, ọmọ ń fa aṣọ mi. Tí mo bá kọ̀, yóò na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó jẹ̀bi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí géètì aláwọ̀ ewé. Mo yọ ọkọ mi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ilẹ̀kùn abà. Mo yọ ọ́ kúrò lábẹ́ irin mọ́sálásí, níbi tí etí àtàǹpàkò rẹ̀ ti hàn nínú àwòrán, mo sì kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sin, mi ò tẹ̀lé wọn, obìnrin kì í lọ síbẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Mo ti fóònù padà gba abẹ́ aṣọ. Mo ń gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń fà á sókè fà á sísàlẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó wa, o káre. Ó dà bí ẹni pé èmi ni mo ti ń ṣe wọ́n látọjọ́ tó ti pẹ́.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi.”

Ó ti fóònù náà padà sí mi, ó ní Alásárì kò tíì tó, kí n máa kọ́ ẹ̀kọ́ mi lọ. Mi ò kọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo gbé e lé itan mi, mo ń wò ó títí ó fi padà wá gbà á.